Ìbúgbàmù Abúlé-Adó

Ìbúgbàmù Abúlé-Adó jẹ́ ìjàm̀bá tí ó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2020, ní àdúgbò Sóbà ní Abúlé-Adó, nítòsí Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó kéré tán, ènìyàn 23 ni ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ilé tí ó lé ní 50 ni ó wó tàbí tí ó bàjẹ́, èyí tí ó sọ ọ̀pọ̀ ìdílé, àgbà àti èwe, di ogunléndé láàrin ìlú tí wọ́n ń gbé.

Lára àwọn ilé tí ó wó ni Bethlehem Girls College, ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ti ìjọ Kátólíìkì. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, Síítà Henrietta Alokha, kú lẹ́yìn tí ó ti ṣe akitiyan láti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ibùdó ogunléndé sílẹ̀ ní Ìgàndó, ó sì dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí owó inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì náírà. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà.

Ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ọ̀jọ́ ni ó bá a pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti Apápá sì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti fi hàn, ènìyàn 318,166 ni ó ń gbé ibẹ̀. Festac Town ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò àti òṣèré tí ó wá sí àjọ̀dún àgbáyé kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a mọ̀ sí FESTAC '77. Àjọ̀dún náà wáyé láti ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́, sí ọjọ́ 12, oṣù Èrèlè, ọdún 1977. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò padà sí ilé wọn, a pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1977 kan náà ni a ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Trade Fair, sí ẹ̀bá títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ àti onírúurú ọjà mìíràn kó lọ sínú ọgbà náà, ó sì di ojúlówó ọjà ojoojúmọ́.

Abúlé-Adó kò jìnnà sí Trade Fair àti Festac Town. Bí ọjà náà ti ń gbòòrò ni àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ń wá ilé sí ìtòsí ibi iṣẹ́ wọn, tí ilé sì ń pọ̀ sí i ní àdúgbò náà. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ti oríṣiríṣi ẹ̀yà wá, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ayálégbé. Títì tí ó kọjá lẹ́bàá ibẹ̀ ni ó lọ tààrà sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Ara ọ̀nà etíkun tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Kútọnu, Lomé, Àkírà àti Abidjan ni.

Ọ̀pá epo kan gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà kọjá. Ara ìlà tí àjọ NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba àpapọ̀, ń pè ní System 2B ni. Epo bẹntiróòlù àti àwọn epo mìíràn tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé dé Atlas Cove, ní ẹnu òkun Èkó, ni ó ń gba inú ọ̀pá yìí lọ sí Mosimi nítòsí Ṣágámù, kí ó tó di ohun tí a ń fà lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Òfin ya ilẹ̀ tí ó wà lókè ọ̀pá epo àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé síbẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀nà ọkọ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ náà pẹ́kípẹ́kí.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀

Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìró ńlá kan dún ní Sóbà. Ọjọ́ Àìkú ni, àwọn kan ti wà ní ilé ìjọsìn, àwọn mìíràn sì wà nínú ilé. Agbára ìbúgbàmù náà wó àwọn ilé tí ó sún mọ́ ibẹ̀ palẹ̀, ó sì ká òrùlé, ilẹ̀kùn àti gíláàsì fèrèsé àwọn tí ó jìnnà díẹ̀ dànù. Àwọn ará Festac Town, Satellite Town àti Òkòtà gbọ́ ìró náà, ilẹ̀ sì mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Iná ńlá tẹ̀lé e, ó jó ilé àti ọkọ̀, èéfín dúdú sì gba ojú ọ̀run.

Àwọn ará àdúgbò ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ènìyàn kúrò lábẹ́ àwókù ilé. Lẹ́yìn náà ni àwọn panápaná, ọlọ́pàá, ọmọ ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ àjọ pàjáwìrì dé. NNPC ti ọ̀pá epo náà pa kí epo má baà máa ṣàn wá sínú iná. Iye àwọn tí ó kú ń lọ sókè bí iṣẹ́ ìwákiri ti ń tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ kìíní, nǹkan bí 15 ni àwọn aláṣẹ kéde. Iye náà ti di 23 nígbà tí ó yá. Lára àwọn tí ó kú ni a ti rí àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà.

Bethlehem Girls College

Bethlehem Girls College jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Àwọn Síítà ìjọ Kátólíìkì tí à ń pè ní Ọ̀kàn Mímọ́ ni ó ń bójú tó o. Nítorí náà, nígbà tí ìbúgbàmù náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sí lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Wọ́n wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi ìsìn Mísà.

Ìròyìn sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ọgbà náà lé ní 300. Síítà Alokha àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jáde bí ilé ti ń wó, ibẹ̀ ni ilé sì ti wó lu òun fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fara pa, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní àyíká. Àwọn òbí tí ó gbọ́ ìròyìn náà sáré wá láti apá ibi gbogbo ní Èkó láti wá ọmọ wọn.

Ikú Síítà Alokha jẹ́ ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni. Nínú ìjọ Kátólíìkì àti lẹ́yìn rẹ̀, a ń rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó fà á

Ní ọjọ́ tí ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀, NNPC sọ pé ohun tí ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó lọ kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí a tò jọ sí ilé-iṣẹ́ gáàsì kan nítòsí ilẹ̀ ọ̀pá epo náà. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yìí, gáàsì ni ó kọ́kọ́ bú gbàmù, àwọn ilé tí ó wó nítorí rẹ̀ ni ó sì ba ọ̀pá epo jẹ́.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nínú ọdún 2020 kan náà, BBC Africa Eye gbé fíìmù ìwádìí kan jáde tí ó tako àlàyé náà. Àwọn oníròyìn náà yẹ fídíò tí àwọn ènìyàn yà ní àdúgbò náà wò, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá àwọn onímọ̀ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn lẹ́nu wò. Èrò wọn ni pé ara ọ̀pá epo gan-an ni epo ti ń jò jáde, tí oruku rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́ kan kí iná tó ràn mọ́ ọn, àti pé ibi tí ìbúgbàmù náà ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ gáàsì náà.

Àríyànjiyàn yìí kan ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé sílíńdà ẹni aládàáni ni ó fa ìjàm̀bá, a jẹ́ pé àánú ni ìjọba ń ṣe bí ó bá fún àwọn tí ó fara gbá ní owó. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀pá epo ìjọba ni ó jò, ohun tí ó tọ́ sí wọn ni owó ìtanràn, kì í ṣe ìrànwọ́ lásán.

Ìrànwọ́ fún àwọn tí ó fara gbá

Àwọn àjọ pàjáwìrì

Àjọ méjì ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Èkíní ni LASEMA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, èyí tí Dókítà Olúfẹ́mi Òkè-Ọ̀sányìntólú jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà. Èkejì ni NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Nípa ètò tí ó wà nílẹ̀, LASEMA ni ó ń kọ́kọ́ dáhùn bí ará Èkó bá pe nọ́ḿbà 112 tàbí 767. NEMA a máa wọlé bí ìjàm̀bá bá ju agbára ìpínlẹ̀ lọ, ó sì máa ń pín ohun ìrànwọ́ bí oúnjẹ, ẹní, aṣọ ìbora àti ohun èlò ilé. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, jẹ́ ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ó máa ń ṣe ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa, tí ó sì máa ń ran ìdílé tí ó pínyà lọ́wọ́ láti wá ara wọn rí.

Ibùdó Ìgàndó

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ibùdó tí ó ti pèsè sílẹ̀ fún àwọn tí ìjàm̀bá bá lé kúrò nílé. Ọ̀kan wà ní Agbówà ní apá Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan sì wà ní Ìgàndó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìgàndó ni a ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará Abúlé-Adó tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn.

Gbogbo àwọn tí ó pàdánù ilé kọ́ ni ó lọ sí ibùdó náà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ẹbí, ọ̀rẹ́, ará ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ogunléndé sílé. Irú ààbò yìí a máa yá ju ti ìjọba lọ, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í sí nínú ìwé ibùdó, nígbà tí a bá sì ń pín ohun ìrànwọ́ nípa orúkọ tí ó wà nínú ìwé, a lè gbàgbé rẹ̀. Ìnira ìyá tí ó gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ lè tó ti ẹni tí ó wà ní ibùdó, tàbí kí ó jù ú lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò kà á mọ́ ogunléndé.

Àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà

Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Babájídé Sanwó-Olú, lọ wo ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì lọ sí Abújá ní ọjọ́ kejì láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ààrẹ Muhammadu Buhari. Ó kéde ìdásílẹ̀ àpò ìrànwọ́ tí a fẹ́ kí ó gba bílíọ̀nù méjì náírà. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi mílíọ̀nù 250 náírà sínú rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ iye tí a ń wá. Ìyókù jẹ́ ohun tí a retí kí àwọn ilé-iṣẹ́, àwọn olówó àti àwọn ènìyàn gbogbo dá. Gómìnà tún gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ igbákejì rẹ̀, Ọbáfẹ́mi Hamzat, láti yẹ ìjàm̀bá náà wò àti láti mọ bí òfò náà ti tó.

Ọ̀nà tí a gbà dá àpò náà sílẹ̀ fi hàn bí a ti sábà máa ń ṣe ìrànwọ́ irú èyí. Ìjọba fi owó díẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe gbogbo ènìyàn sí i. Iye tí yóò dé ọwọ́ ogunléndé wá dúró lórí bí àwọn tí ń fi owó sílẹ̀ ti pọ̀ tó, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àrùn kòrónà àti òfin kónílé-ó-gbélé

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Èrèlè, ọdún 2020 ni a ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, Èkó náà ni a sì ti rí i. Ní ọjọ́ 23, oṣù Ẹrẹ́nà, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìbúgbàmù náà, ìjọba Èkó ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ aládàáni ńlá parapọ̀ dá ẹgbẹ́ CACOVID sílẹ̀ láti kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn náà. Nígbà tí ó sì di agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Buhari kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abújá. Ọjọ́ 4, oṣù Èbìbí ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ òfin náà díẹ̀díẹ̀.

Fún àwọn tí ó ti pàdánù ilé wọn, ìtumọ̀ àṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sí ilé rẹ̀ kò rí bí ó ti rí fún ẹlòmíràn. Ìlànà ìlera ní kí àwọn ènìyàn jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ibùdó ogunléndé jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pín yàrá, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tí ó wà nílé ẹbí di èrò kún èrò nínú yàrá kan tàbí méjì. Oníṣòwò tí ó ń wá owó láti tún ilé gbà kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Owó ilé ní Èkó sì sábà máa ń jẹ́ ti ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó àdéhùn àti ti alágbàtà, èyí tí ó ṣòro fún ẹni tí ọjà àti owó rẹ̀ jóná pọ̀.

Àwọn ọmọdé

Bí ìjàm̀bá bá lé ìdílé kúrò nílé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ayé ọmọ kò tíì yí padà. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àgbàlagbà kan ti lè ṣàkíyèsí pé ara ọmọ kò yá tàbí pé ẹ̀rù ń bà á. Àwọn ọmọ Abúlé-Adó kò ní àǹfààní yìí. Àwọn ọmọ Bethlehem Girls College pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ àti ibùgbé wọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí ibì kan ni méjèèjì. Àwọn ọmọ tí ilé òbí wọn wó lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ péré kí ó tó di pé a ti gbogbo rẹ̀ pa.

Ìjọba Èkó ṣètò ẹ̀kọ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní àsìkò náà. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gba pé kí ọmọ ní rédíò, iná mànàmáná, ìwé àti igun kan tí ó dákẹ́, àwọn ohun tí iná àti àwókù ilé ti mú lọ. Àwọn tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ni a kọ́kọ́ pè padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, ní ọjọ́ 3, oṣù Ògún, ọdún 2020. Ìdánwò WAEC tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà.

Ìwé jẹ́ ìṣòro mìíràn. Ìwé ẹ̀rí ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti èsì ìdánwò ni a máa ń béèrè kí ọmọ tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tàbí kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí wọ́n bá jóná, òbí ní láti lọ gba òmíràn, ìrìn àjò àti owó ni ó sì ń ná ẹni.

Ipò wọn lábẹ́ òfin

A máa ń pa ogunléndé àti asásálà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n òfin àgbáyé yà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1951 àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Adúláwọ̀ ti ọdún 1969, asásálà ni ẹni tí ó sá kọjá ibodè orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àpẹẹrẹ irú wọn wà lójú ọ̀nà etíkun kan náà tí ó gba ẹ̀bá Abúlé-Adó. Ní ọdún 2005, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Tógò lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gba ibodè Hilla-Condji sá wọ Benin, a sì tẹ́ ibùdó fún wọn ní Comè àti Agamé. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú, ìlú Òrù nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde gba àwọn ará Làìbéríà àti Sàró tí ogun lé kúrò nílẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ẹni tí kò kọjá ibodè kò sí lábẹ́ àwọn àdéhùn méjì yìí. Nítorí irú wọn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe fọwọ́ sí Àdéhùn Kampala ní ọjọ́ 23, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2009. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2012, Nàìjíríà sì ti fi ọwọ́ sí i kí ó tó di ìgbà náà. Kì í ṣe ogun nìkan ni ó mẹ́nu kàn. Ó ka àwọn tí ìjàm̀bá, ìbáà ṣe àfọwọ́fà ènìyàn, lé kúrò nílé mọ́ ogunléndé. Ó sì sọ pé ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó ni ojúṣe láti dáàbò bò wọ́n, láti pèsè oúnjẹ, ibùgbé, ìtọ́jú ìlera àti ẹ̀kọ́ fún wọn, àti láti fún wọn ní ìwé mìíràn dípò èyí tí ó sọnù. Nípa èyí, àwọn ará Abúlé-Adó tí ilé wọn wó jẹ́ ogunléndé ní ti òfin, bí wọn kò tilẹ̀ kúrò ní Èkó.

Ní Nàìjíríà, àjọ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn asásálà ní ọdún 1989 ti wá ní ogunléndé àti arìnrìn-àjò lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 2021, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àwọn ogunléndé. Ní ti àwọn ọmọdé, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 fún olúkúlùkù ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ààbò àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Ohun tí òfin wọ̀nyí pè ní ẹ̀tọ́ ni àpò ìrànwọ́ Abúlé-Adó gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rẹ.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó jọ ọ́

Ìbúgbàmù Abúlé-Adó kì í ṣe àkọ́kọ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, ilé ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bú gbàmù. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí ó ń sá fún iná tí wọ́n sì rì sínú odò ẹlẹ́rẹ̀ ní Òkè-Àfá, ní Ìsọlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó pínyà pẹ̀lú òbí wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ibi ìrántí kan wà ní Òkè-Àfá fún àwọn tí ó kú.

Ní ti ọ̀pá epo, ọjọ́ 12, oṣù Èbìbí, ọdún 2006 ni iná pa àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Ìládò, ní etíkun nítòsí Atlas Cove. Ní ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú ní Abúlé-Ẹ̀gbá níbi tí àwọn olè ti lu ọ̀pá epo. Ní ọjọ́ 15, oṣù Èbìbí, ọdún 2008, ẹ̀rọ katakata tí ó ń ṣe ọ̀nà gbá ọ̀pá epo ní Ìjẹ̀gun, iná náà sì ràn dé ilé-ẹ̀kọ́. Nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí ó fara gbá.

Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn ti Abúlé-Adó, ní ọjọ́ 28, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2020, ìbúgbàmù mìíràn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlú Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó gbẹ́ kòtò ńlá sí ojú títì, ó sì wó ilé, ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ tún wo

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin
Festac Town
Ìbúgbàmù Ìkẹjà ọdún 2002
Àdéhùn Kampala
Àrùn kòrónà ní Nàìjíríà